Omi Ìgò Kẹrin

Gbogbo ẹni tó bá ti wọ aṣọ tuntun jáde rí lọ́jọ́ Iléyá ní Zóńgò, àdúgbò àwọn Mùsùlùmí ní ìlú Atakpamé lórílẹ̀-èdè Tógò, ló mọ Sẹ̀ríyà aláró. Obìnrin náà kò ga, kò sì sanra, ṣùgbọ́n bí ó bá sọ̀rọ̀ lọ́jà, àwọn ọkùnrin tó ń ti ọmọlanke á kọ́kọ́ dúró gbọ́ ọ ná. Ìyá rẹ̀ ló gbé iṣẹ́ náà wá láti ilẹ̀ Nàìjíríà. Òun jogún rẹ̀, ó sì ń fi kọ́ Àmírátù, ọmọ kan ṣoṣo tí ó bí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Àmírátù. Láti kékeré ni èékánná rẹ̀ ti dúdú nítorí aró, àwọn ọmọ ilé ìwé sì máa ń bi í bóyá ọwọ́ ló fi ń kọ ebè. Òun náà á dá wọn lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, oko bàbá wọn lòun ti ń kọ ọ́.

Ẹnu ọmọ náà mú, ọpọlọ rẹ̀ sì mú jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ní líísè tí ó ń lọ, ilé ìwé girama ìjọba, kíláàsì àwọn tó ń kọ́ sáyẹ́ǹsì ní ọmọ méjìdínlógójì, márùn-ún péré ló jẹ́ obìnrin nínú wọn, kò sì sí ọ̀kan tó ti Zóńgò wá. Kò sẹ́ni tó lé àwọn ọmọ Zóńgò. Kò sì sẹ́ni tó pè wọ́n. Ọmọ aláró, ọmọ ẹlẹ́ran, ọmọ alátẹ, gbogbo wọn gbà pé ìgò olómi àwọ̀ mèremère àti ìṣirò gígùn gbọọrọ wà fún ọmọ àwọn tó ń so taì mọ́ ọrùn.

Ọ̀rọ̀ yìí ń dun Mùsíé Philippe, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, géńdé kan tí orí rẹ̀ ti ń pá kí ó tó pé ogójì ọdún. Ó gba tẹlifóònù méjì àti páálí bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Lomé, ó sì kéde ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan pé òun fẹ́ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. "Ẹni tó bá lè ya àwòrán kí ó wá," ó ní. "Ẹni tó bá lè rán aṣọ, ẹni tó bá lè rẹ ẹ́, kí ó wá. N kò bèèrè máàkì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni." Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Àmírátù kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó gbọ́ "rẹ ẹ́", ó gbójú sókè, bí ìgbà tí wọ́n pe orúkọ èèyàn láàárín èrò tí kò sì retí rẹ̀.

Ohun tí ẹgbẹ́ náà fẹ́ ṣe kò le. Odò kékeré kan wà tó ti ìdí òkè sọ̀ kalẹ̀, ó gba ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí, ó gba inú Zóńgò, ó sì lọ sí àwọn ọgbà ewébẹ̀ nísàlẹ̀. Wọn yóò bu omi rẹ̀ ní ibi márùn-ún, sínú ìgò márùn-ún. Wọn yóò ki bébà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú omi náà, bébà á yí àwọ̀ padà, tẹlifóònù á ya àwọ̀ náà, nọ́ńbà á sì jáde. Méje ni nọ́ńbà omi tó dára. Bí ó bá ti ń gòkè ju méje lọ, ohun tó ń jóni, bí eérú tàbí sódà, ti wọ inú rẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò ya odò náà sára aṣọ funfun gígùn kan, wọn yóò sì fi aró kọ nọ́ńbà rẹ̀. Ibi tí omi bá ti dára, ẹ̀ẹ̀kan ni wọn yóò rì í sínú aró, á mọ́ bí ojú ọ̀run. Ibi tí omi bá ti bàjẹ́, wọn yóò máa rì í títí á fi ṣókùnkùn. Ẹni tí kò mọ̀wé rárá á rí i, á sì yé e.

"Ta ló máa rẹ aṣọ náà?" Mùsíé Philippe bèèrè, gbogbo ojú sì yí sí èékánná Àmírátù. Ọjọ́ kìíní nìyẹn tí ẹnikẹ́ni wò ó láìfi ṣẹ̀sín.

Sẹ̀ríyà kò tètè gbà. Ó jókòó sórí àpótí rẹ̀ nínú àgbàlá, ó ń tú okùn lára aṣọ. "Kí ni wọ́n fẹ́ fi omi ṣe?"

"Wọ́n fẹ́ wò ó ni, Màámi. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ó dára."

"Àwọn tí wọ́n ń mu omi inú ìgò?" Ó yọ ṣùtì. "Lọ. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi dáadáa, Àmírátù. Má gbé ọ̀rọ̀ wálé fún mi."

Àmírátù mọ ohun tí ìyá rẹ̀ ń bẹ̀rù. Ní ọdún tó kọjá, ọkùnrin kan wà ní ìsàlẹ̀ àdúgbò tó ń se ọṣẹ tà. Àwọn òṣìṣẹ́ mẹ̀rí, ilé iṣẹ́ olórí ìlú, wá wo ibi tí omi ọṣẹ rẹ̀ ń gbà, wọ́n sì ti ibẹ̀ pa lọ́sẹ̀ kan náà. Ọkùnrin yẹn wà ní Anié báyìí, ó ń gbé ẹrù ẹlẹ́rù sórí ọkọ̀. Iléyá sì ti ku oṣù kan. Aṣọ tí àwọn èèyàn gbé wá pé kí Sẹ̀ríyà bá wọn rẹ ti ga dé fèrèsé nínú yàrá, láti ibẹ̀ ni ounjẹ ti ń jáde, ibẹ̀ náà ni owó ilé ìwé Àmírátù ti ń jáde. Bàbá rẹ̀ ti kú. Kò sí ọwọ́ mìíràn nínú ilé náà ju ọwọ́ dúdú méjì ti Sẹ̀ríyà lọ.

Mùsíé Philippe ṣe òfin kan tí ó dùn mọ́ òun fúnra rẹ̀ gan-an: kí ọmọ àdúgbò bu omi àdúgbò rẹ̀. Ó ní bí ọmọ bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu ú, kò ní gbàgbé. Òótọ́ ló sọ. Noëlle ló ni ìgò karùn-ún. Ọmọ Ifẹ̀, ẹ̀yà àwọn onílẹ̀ Atakpamé, ni Noëlle, ọmọ ìjọ Kátólíìkì, ọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ tó ń jẹ́ Màmá Colette ló ń gbé, ọgbà ìyá yẹn ló sì wà nísàlẹ̀ odò. Òun náà ló mọ tẹlifóònù lò jù nínú ẹgbẹ́. Ìgò kẹrin bọ́ sọ́wọ́ Àmírátù. Ojú ibi tí gọ́tà ilé wọn ti já sínú odò ni wọ́n ti fẹ́ kí ó bu ú.

Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, Àmírátù bẹ̀rẹ̀ létí odò, ó bu omi kún ìgò. Díẹ̀ dà sí i lọ́wọ́. Ó fi àtàǹpàkò pa á mọ́ ìka ìfábẹ̀lá, bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ láti máa dán omi aró wò láti ìgbà tí ó wà lọ́mọ ọdún méje. Omi náà ń yọ̀. Ó ń yọ̀ bí ọṣẹ, ó sì ń ta á níbi tí awọ ti bó lẹ́gbẹ̀ẹ́ èékánná rẹ̀. Kò nílò bébà, kò nílò tẹlifóònù. Sódà ilé wọn ni, èyí tí wọ́n ń dà sínú aró kí àwọ̀ lè mú aṣọ. Ó dúró síbẹ̀, ìgò lọ́wọ́.

Ẹ má tíì dá a lẹ́jọ́. Àwọn àgbà ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Wọn kò sọ ti ilé ìyá, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní bàbá mọ̀ pé ibì kan náà ni. Ọmọ náà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó yí ìgò dorí kodò. Ó gun òkè lọ sí ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí níbi tí omi ti mọ́, ó ṣan ìgò náà nígbà mẹ́ta, ó bu omi ibẹ̀ kún un, ó sì fi lẹ́ẹ̀dì kọ 4 sí i lára. Gbogbo rẹ̀ kò gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ó ṣe ń padà lọ sí ilé ìwé, inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn díẹ̀. Ó rò pé òun ti gba ilé òun là, láìpa ẹnikẹ́ni lára.

Noëlle ló di tẹlifóònù mú. Ìgò kìíní, méje. Ìgò kejì, méje. Ìgò kẹta, méje àti díẹ̀. Ìgò kẹrin, méje. Ìgò karùn-ún: bébà náà di àwọ̀ àlùkò lójú gbogbo wọn, nọ́ńbà sì jáde: mẹ́wàá.

Noëlle tún un ṣe. Mẹ́wàá.

"Ẹ wò ó," Mùsíé Philippe ní, inú rẹ̀ dùn, nítorí pé ohun tí ó ti ń wá láti ọjọ́ pípẹ́ ti jáde. "Omi dára títí dé ìgò kẹrin. Ó wá bàjẹ́ ní karùn-ún. Kí ni ìyẹn ń sọ fún wa?"

 Àmírátù ti gbọ́ ohun tí nọ́ńbà náà ń sọ kí olùkọ́ tó bèèrè. 

"Ó ń sọ pé inú ọgbà yẹn gan-an ni ìbàjẹ́ ti ń wá," olùkọ́ náà ní. Ó wá rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Noëlle, ṣé Màmá máa ń da nǹkan kan síbẹ̀? Eérú? Ẹfun? Omi ọṣẹ?"

"Eérú," Noëlle ní, ojú rẹ̀ ti wálẹ̀. "Eérú díẹ̀, nítorí kòkòrò."

"Ẹ̀n-ẹ́n," Mùsíé Philippe ní, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú fún Àmírátù. Bí ó bá sọ òtítọ́, mẹ̀rí á wá ti àgbàlá ìyá rẹ̀ pa. Bí ó bá dákẹ́, wọn yóò ti ọgbà ìyá àgbà pa. Bí ó bá ní òun fẹ́ tún omi bù, wọn yóò bi í pé kí ló ṣe ti àkọ́kọ́. Ó tilẹ̀ rò ó pé kí òun fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló máa rẹ aṣọ? Lójoojúmọ́ ni ó ń gbìyànjú láti dá Mùsíé Philippe dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, lójoojúmọ́ ni ọkùnrin yẹn ń rẹ́rìn-ín sí i kí ó tó lanu. "Ọ̀dọ́mọbìnrin onísáyẹ́ǹsì wa," ó máa ń pè é. Àmírátù á sì wọlé lọ jókòó.

Wọ́n ní kí Àmírátù àti Noëlle lọ wo ọgbà náà kí ó lè yà á dáadáa. Ẹ̀ẹ̀rùn ti mú, ilẹ̀ gbẹ, odò náà ti kéré débi pé ọmọdé lè fò ó. Màmá Colette wà láàárín ebè, ó fi garawa méjì ń bomi rin ewébẹ̀. Ó ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti tẹ̀ bí ọ̀pá ìkọ́, ṣùgbọ́n kò gbà kí wọ́n gba garawa lọ́wọ́ òun. Etí ewé sàláàdì rẹ̀ ti jó, ó pọ́n, ó ń rún wẹ́wẹ́. Ewé gbọ̀mà tí wọ́n fi ń se ọbẹ̀, èyí tó wà lẹ́bàá omi, ti rọ mọ́lẹ̀ pátápátá.

"Ìwọ ni ọmọ Sẹ̀ríyà," ìyá náà ní. Ifẹ̀ ló ń sọ, ṣùgbọ́n Ifẹ̀ rẹ̀ àti Yorùbá Zóńgò kò jìnnà síra débi tí wọn kò fi ní gbọ́ ara wọn yé. "Ìyá ìyá rẹ ló rẹ aṣọ tí mo fi ṣe ìgbéyàwó. Kò tíì ṣá."

"Ẹ kú iṣẹ́, Màmá," Àmírátù ní, ó kúnlẹ̀.

"Noëlle ní eérú mi ni. Mo ti kó gbogbo eérú kúrò. Mo gbá ilẹ̀ tán, mo fi ọwọ́ ṣa èédú inú rẹ̀ jáde." Ó nawọ́ sí ewé tó jó. "Ó ṣì ń jó. Ṣé ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé lè bá mi bi ẹ̀rọ yẹn pé kí ló tún kù tí n óò kó?"

Noëlle fi ojú rẹ̀ pamọ́. Ìyá àgbà náà já ewé gbọ̀mà tí kò tíì jó, ìdì kan gbáko, ó ní kí Àmírátù gbé e lọ fún ìyá rẹ̀. Ọmọ náà gbà á nítorí kò sí bí ó ṣe máa kọ̀. Bí wọ́n ṣe ń gòkè, Noëlle sọ pé, "Ó máa ń sunkún bí ó bá rò pé mo ti sùn. Ó ní ọgbọ̀n ọdún lòun ti ń ro ibẹ̀, òun kò mọ̀ pé òun ni òun ń pa á." Àmírátù gbé ìdì ewé náà mọ́ra, ó ń gòkè lọ.  Ó kórìíra ara rẹ̀, ó kórìíra tẹlifóònù, ó sì kórìíra Noëlle díẹ̀ nítorí pé Noëlle kò fura sí i.

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni Àmírátù rẹ aṣọ náà nínú àgbàlá ilé wọn. Ó ti fi ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ láfún ya òkè, odò, mọ́ṣáláṣí, àwọn ilé, ọgbà. Ó ya á dáadáa, ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n. Lẹ́yìn náà ó di ojú ibi márààrún jọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ta okùn mọ́ ọn nídìí, kí ó lè ri orí rẹ̀ nìkan sínú aró. Ibi kìíní, ẹ̀ẹ̀kan. Ìkejì, ẹ̀ẹ̀kan. Ìkẹta, ẹ̀ẹ̀kan. Ìkẹrin, ẹ̀ẹ̀kan. Ó wá di ọgbà Màmá Colette mú. Ó rì í, ó gbé e sókè kí atẹ́gùn lè fẹ́ ẹ, ó tún rì í. Ìgbà márùn-ún ni ó gbọ́dọ̀ rì í. Nígbà tí ó di ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, omijé ń kán sínú aró, ó sì dúpẹ́ pé ojú aró kì í fi nǹkan hàn.

"Ibo nìyí tí ò ń pa láró tó báyìí?" Sẹ̀ríyà ti dé ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ọgbà Màmá Colette ni, Màámi. Omi ibẹ̀ kò dára."

Sẹ̀ríyà wo aṣọ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Àwa ńkọ́? Níbo la wà níbẹ̀?"

Àmírátù tú okùn ibi kẹrin. Ó mọ́ rokoṣo, bí ojú ọ̀run lẹ́yìn òjò. Ìyá rẹ̀ tẹ̀ síwájú, ó wò ó. Obìnrin tó ti ń da sódà sínú aró láti ọgbọ̀n ọdún, tí gbogbo ìka rẹ̀ ti sán tí wọ́n sì ti bó, obìnrin yẹn wo àwọ̀ mímọ́ tí wọ́n fi sójú ẹnu gọ́tà rẹ̀. Ó wá wo ojú ọmọ rẹ̀.

"Ó mọ́ tó báyìí?"

"Tẹlifóònù ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Alihamudulilai," Sẹ̀ríyà ní, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò bá ọ̀rọ̀ náà lọ. Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n parí, òun àti ọmọ rẹ̀ gbé rọ́bà ńlá tí aró ti ṣá nínú rẹ̀, ọ̀kan dì í mú níhìn-ín, èkejì dì í mú lọ́hùn-ún, wọ́n sì dà á sínú gọ́tà bí wọ́n ṣe máa ń ṣe lójoojúmọ́. Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Àwọn méjèèjì dúró, wọ́n ń wo omi dúdú náà bí ó ṣe ń sáré lọ sí ìsàlẹ̀, kò sì sẹ́ni tó sọ fún ẹnì kejì pé òun mọ ibi tó ń lọ. Láti ìgbà yẹn ni ilé náà ti fún jù fún wọn. Bí ọ̀kan bá wọ yàrá, èkejì á rántí pé òun ní nǹkan láti ṣe níta.

Sátidé ni wọ́n gbé aṣọ náà kọ́ sínú gbọ̀ngàn ilé ìwé. Ó gùn láti ògiri dé ògiri. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ó ti rí: ó dára. Àwọn tí kò wo ìwé sáyẹ́ǹsì rí láyé wọn dìde láti lọ wò ó, wọ́n ń fi ìka tọ odò náà láti òkè wá sísàlẹ̀, wọ́n ń pe orúkọ àwọn ilé. Àwọn aláró mẹ́fà bá Sẹ̀ríyà wá láti ọjà, wọ́n jókòó sí ìlà kejì pẹ̀lú ìbòrí títàn. Mùsíé Philippe fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fò. Màmá Colette jókòó níwájú nítorí pé Noëlle ní kí ó wá, ó wọ aṣọ tí ó máa ń wọ̀ lọ sí Máàsì.

Màdáámù Jacqueline ló wá láti mẹ̀rí. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó wo aṣọ náà pẹ́, ó gbọ́ àlàyé olùkọ́, ó wá yí sí àwọn èèyàn, ó ní ohun tí àwọn ọmọ yìí ṣe dára púpọ̀, ó sì hàn gbangba. Ó ní òun kò lè rí i kí òun sì mójú kúrò. Ó ní kí wọ́n dá ọgbà tó wà nísàlẹ̀ yẹn dúró ná, kí wọ́n má ta ewébẹ̀ ibẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, títí wọn yóò fi mọ ohun tí wọ́n ń dà síbẹ̀.

 Noëlle túmọ̀ Faransé náà sí etí ìyá àgbà. Màmá Colette gbọ́ ọ tán, ó fọwọ́ ti àga, ó dìde díẹ̀díẹ̀.

"N kò jiyàn," ó ní. "Ẹ̀rọ yẹn kò mọ̀ mí, mi ò sì ṣẹ̀ ẹ́, kò ní ìdí tí á fi purọ́ mọ́ mi. Bí ó bá ní èmi ni, èmi náà ni. N óò kó ọkọ́ mi lọ sí Akparé, sọ́dọ̀ ọmọ mi ọkùnrin. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ yìí yọ Noëlle lẹ́nu ní ilé ìwé."

Ó jókòó padà. Mùsíé Philippe, ẹni tí kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ rí báyìí rárá, nu ojú rẹ̀, ó sì yára pe Àmírátù pé kí ó wá sọ bí ó ṣe rẹ aṣọ náà. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àmírátù dé iwájú, ó kọjú sí èrò, ó rí ìyá rẹ̀ ní ìlà kejì, ó rí ìyá àgbà ní ìlà kìíní. Kò sí ibòmíràn tí ojú rẹ̀ lè sá lọ. Ó lanu láti sọ̀rọ̀ nípa ìyẹ́ adìẹ àti ẹ̀kọ láfún.

"Tẹlifóònù kò purọ́," ó ní. "Èmi ni mo purọ́ fún un."

"Kí lo wí?" Mùsíé Philippe bèèrè.

"Omi ìgò kẹrin kì í ṣe omi ibẹ̀. Ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí ni mo ti bu ú." Ó nàka sí ibi kẹrin lára aṣọ. "Mo kọ́kọ́ bu ti ibẹ̀. Mo fi ọwọ́ dán an wò. Ó ń yọ̀. Sódà ni, láti ilé wa. Mo dà á nù. Ọgbà Màmá Colette kò ṣe nǹkan kan. Omi wa ló ń jó ewé wọn."

Ariwo sọ. Ọ̀kan nínú àwọn aláró dìde, ó ní ọmọ burúkú gbáà ni, ọmọ tó tú aṣọ lára ìyá rẹ̀ ní gbangba. Òmíràn ń kígbe pé kí ọmọ náà mú sùúrù, Iléyá ku ọjọ́ mélòó? Noëlle wo Àmírátù bí ẹni tí kò rí i rí. Àmírátù kò gbọ́ ìkankan dáadáa. Ìyá rẹ̀ nìkan ló ń wò. Sẹ̀ríyà ti dìde, ó ti ń bọ̀ láàárín àwọn àga, àwọn èèyàn sì ń yà fún un. Ọmọ náà di ojú rẹ̀ pọ̀, ó ń retí ìgbájú.

Ìgbájú kò dé. Nígbà tí ó lajú, ìyá rẹ̀ ti kọjá lára rẹ̀. Sẹ̀ríyà aláró, tí àwọn ọkùnrin ń dúró gbọ́ lọ́jà, ti kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì níwájú Màmá Colette.

"Ẹ jọ̀wọ́, Màmá, ẹ foríjì mí," ó ní. "Kì í ṣe ọmọ yẹn ló kọ́kọ́ purọ́. Ọwọ́ mi ti mọ̀ tipẹ́. Mo rí i pé omi yẹn ń bó ìka mi, mo sì ń sọ fún ara mi pé bí ó bá dé ìsàlẹ̀ á ti rọ̀."

Màmá Colette wo ọwọ́ tí obìnrin náà tẹ́ síwájú rẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Kò ní kí ó dìde.

"Ewébẹ̀ mi kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀, Sẹ̀ríyà," ó ní. "Lọ́la ńkọ́? Níbo lo máa dà á sí?"

 Àwọn aláró mẹ́fà wolẹ̀, nítorí pé gọ́tà tiwọn náà ń ṣàn.

"Lọ́la, n kò ní rẹ aṣọ," Sẹ̀ríyà ní.

Àmírátù mọ iye aṣọ tó wà nínú yàrá. Ó mọ ohun tí gbólóhùn yẹn ná ìyá rẹ̀, ó sì fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì.

"Ọ̀túnla ńkọ́?" ìyá àgbà bèèrè.

 Lórí ìkúnlẹ̀ náà ni Sẹ̀ríyà ti yí ọrùn padà, ó wo ọmọ rẹ̀. Kò wò ó tìbínú-tìbínú. Ó ń wò ó bí ẹni tó bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹni tó ti dé ìlú yẹn rí. Mùsíé Philippe náà ń wò ó, Màdáámù Jacqueline ń wò ó, Noëlle pàápàá ń wò ó.

Àmírátù kò mọ̀ ọ́n. Ó mọ bí omi ṣe ń bàjẹ́, kò sẹ́ni tó tíì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe. Ó rìn lọ síbi tí ìyá rẹ̀ wà, ó kúnlẹ̀ tì í, ó sì sọ fún ìyá àgbà pé kí wọ́n fún òun ní ọjọ́ kan sí i láti fi wá ọ̀nà tí omi náà yóò fi dára.

"Láti lọ́la ni n óò ti máa kà á," Màmá Colette ní. "Mo máa ń jí bomi rin ewé ní àárọ̀, omi tó bá dé bá mi ni n óò fi mọ̀."